Àdírẹ́sì Àjùmọ̀lò

Mo ti jókòó sí oríṣiríṣi ìgbìmọ̀ láyé mi: ti ìgbéyàwó, ti òkú sísin, ti títún ojú ọ̀nà ṣe. Kò sí èyí tó dá mi lágara tó ìgbìmọ̀ àdírẹ́sì tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé rẹ̀ ní ilé ìkàwé wa ní Ìdànrè.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì le rárá. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ra kọ̀ǹpútà ńlá kan fún wa, pé ká máa gba ohùn àwọn àgbà sínú rẹ̀ kí ẹ̀ka èdè wa má baà parẹ́. Àgùnbánirọ̀ kan ló ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin náà lọ sí Atosin, ó lọ sí Aládé, ohun tó sì gbọ́ lẹ́nu wọn ló fi sọ fódà kọ̀ọ̀kan tó kó ohùn wọn sí lórúkọ. Ọ̀rọ̀ nípa ilé wà nínú fódà tó pè ní "ule", ti iṣu wà nínú "usu", nítorí ulé àti uṣu làwọn àgbà wa ń pè é. Nígbà tí ìsìnrú ìlú rẹ̀ parí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ti fi wáyà so kọ̀ǹpútà kéékèèké tó wà nílé ìkàwé àti nílé ìwé tó múlé tì wá mọ́ ńlá yẹn. Ẹni tó bá ti lè tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ pé pérépéré, á gbọ́ ohùn tó bá wù ú.

Àdírẹ́sì yẹn gan-an ni wàhálà, kálukú ló ní bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ kan ń fi ìlà sílaàṣì méjì tó dà sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, òmíràn ń kọ "file", òmíràn "smb". Akápò wa, Alhájì tó ń ta aṣọ, kì í tẹ ohunkóhun láìfi "www" ṣáájú. Ó ní àdírẹ́sì tí kò ní "www" dà bí Alhájì tí kò dé Mẹ́kà. Gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, kọ̀ǹpútà a kọ̀ ọ́, wọn a wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú iléeṣẹ́ mànàmáná.

Àwọn ará òkè òkun bá ránṣẹ́ sórí fóònù wa pé ká fẹnu kò sí àdírẹ́sì àjùmọ̀lò kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ kan yìí, àjùmọ̀lò, ló ba tiwa jẹ́. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni àdírẹ́sì kan tí gbogbo wa á jọ máa lò. Ṣùgbọ́n alága wa, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì, kò mọ àjùmọ̀lò méjì. Yorùbá àjùmọ̀lò tó fi pàṣán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló mọ̀. Ó wo "ule" nínú ìwé tí mo kọ, ó yọ ṣùtì sí i, ó fa ìlà pupa lé e, ó kọ "ile" sórí rẹ̀.

Ó ní, "Ará oko ló ń pe ilé ní ulé."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ ò mọ gírámà o. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ló máa jẹ́."

"Akọ̀wé, kọ ohun tí a bá ní kí o kọ."

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un! Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú ẹnu Ìdànrè ló ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń pa á rẹ́. Kí n má purọ́, ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì náà dáa: smb tí ẹ̀rọ fi ń dá ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, àmì tótó méjì tó wà lórí ara wọn, sílaàṣì méjì tó dà síwájú, orúkọ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìyẹn, "ile" rọ́pò "ule", gbogbo rẹ̀ di ìranù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri, wọ́n sì jẹ búrẹ́dì lé e lórí.

Kò pẹ́ tí ìyá àgbà kan fi wá láti Atosin. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí Ofosu lọ́jọ́ náà kó lọ máa tọ́jú rẹ̀, mọ́tò wà níta tó ń dúró. Ìyá náà ti gbọ́ pé àgùnbánirọ̀ yẹn gba ohùn ọkọ òun sílẹ̀, níbi tó ti ń sọ bó ṣe kọ́lé wọn.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ, kí n tó fi ulé náà sílẹ̀."

Alága fúnra rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wo páálí, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní òun kò mọ ibẹ̀. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i: ó tún un tẹ̀, ó ń gbá bọ́tìnnì bí ẹni ń pa kòkòrò. Akápò ní kí wọ́n fi "www" kún un. Wọ́n ní wáyà ló já. Mo ní "u" ni kí wọ́n tẹ̀, alága ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ ìyá náà fọn fèrè mọ́tò. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀ láti dìde.

Inú bí mi. Mo ti ọwọ́ alága kúrò, mo tẹ "ule".

Ohùn ọkùnrin àgbà kan gba gbogbo inú yàrá. Ó ní òun àti aya òun ló jọ ru omi tí wọ́n fi po amọ̀. Odó ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òun ló ń gúnyán lẹ́yìn un. Kò lè gbọ́ pé mo ń yìn ín."

Ìyá jókòó padà. Ó ní, "Mo gbọ́."

Alága wúkọ́, ó yíjú sí wa pé ṣé a gbọ́ bó ṣe ń pe ilé, pé bá a bá tún ìpàdé ṣe . . .

Ìyá na ọwọ́ síbi tó ti ń gbóhùn alága. Ó ní, "Ẹ dákẹ́. Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀."