Káàdì Tí Ka-Èyí Kò Kọ

Ka-Èyí ni gbogbo ilé ìkàwé ń pe obìnrin náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí òǹkàwé bá dúró síwájú tábìlì rẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìwé tó bá fi lé ọ lọ́wọ́, o ò ní kábàámọ̀ ẹ̀. Yóò kọ ọ́ sórí káàdì pélébé, "Bí ìwé yìí bá dùn mọ́ ọ, ka èyí náà," yóò sì fi káàdì ọ̀hún há àárín ìwé. Ọkùnrin tó wà ní tábìlì kejì ló ń ṣe irú rẹ̀ fún fíìmù. Bọ̀dá Onífíìmù ni wọ́n ń pe òun. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, wọn ò jà rí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, obìnrin télọ̀ kan dá ìwé padà. "Màmá, ẹ ṣé o. Èyí tí ẹ ní kí n kà yẹn, mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín."

Ka-Èyí wo káàdì inú rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni: g onírù gígùn, àmì ohùn tó dùbúlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ ọ́. Kò tilẹ̀ ka ìwé ọ̀hún rí.

Ìfura loògùn àgbà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó rí mẹ́fà mìíràn. Gbogbo wọn ló ń júwe ìwé orí pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ wò. Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Onífíìmù. Ọ̀gá ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n pa tábìlì méjèèjì pọ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo máa jókòó níbẹ̀. Bí ìwé burúkú bá bí òǹkàwé kan nínú, orí ta ni ẹ̀bi yóò já lé? Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin náà bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù, Ka-Èyí a ní òun ló ń fi rẹ́rìn-ín. Bó bá kí i, a ní kí ló ń wá? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́kọ́rọ́ ti dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ pa.

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, àbúrò rẹ̀ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti bi í ni?"

"Bí mo bá bi í, irọ́ ló máa pa."

"Ẹ ò tíì béèrè, ẹ ti mọ èsì!"

Nígbà tó yá, irú káàdì ọ̀hún tún wọ inú páálí fíìmù: "Wo èyí, ṣùgbọ́n má dá wò ó." Ka-Èyí gbaná jẹ lójú gbogbo òǹkàwé.

"Bọ̀dá, bí ẹ bá ń fẹ́ ìjókòó mi, ẹ sọ fún ọ̀gá. Ẹ má fi ọwọ́ mi kọ̀wé!"

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Àǹtí, ọdún mẹ́sàn-án. Èmi lẹ wò, tí ẹ rí oníjìbìtì?" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Ka-Èyí dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún òǹkàwé, ó sá pamọ́ sẹ́yìn pẹpẹ. Ìyá tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló rí, ó lóṣòó síwájú àwọn ìwé ìsàlẹ̀, aṣọ ìnulẹ̀ léjìká, ètè rẹ̀ ń mì. Ó fa káàdì yọ, ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà. "Ẹ má bínú, mi ò jí nǹkan kan o!"

"Ta ló kọ́ yín ní ìwé kíkọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Àwọn káàdì tí ẹ bà jẹ́, tí ẹ jù sínú agbọ̀n. Ọmọ mi obìnrin ka wọ́n fún mi, mo wá ń dà wọ́n kọ. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kọ̀wé."

"Fíìmù yẹn ńkọ́?"

"Ọmọ mi ló gbé e wálé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè lọ ilé ìyàgbẹ́ lémi nìkan."

Síbẹ̀ ọkàn Ka-Èyí kò tètè gbà. Ó ṣí ìwé kan, ó ní kó kà á. Ìyá náà fi ìka tọ ìlà, ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò dúró títí ojú ewé fi parí.

Nígbà náà ni ojú ti Ka-Èyí. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá sì gbà kí ìyá máa kọ káàdì tirẹ̀, kó máa fọwọ́ sí i pé "Agbálẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Nígbà tí Ka-Èyí lọ bẹ Bọ̀dá Onífíìmù, "Mo ti gbọ́" nìkan ló sọ. Oṣù kan kọjá, kíkí nìkan ló kù láàárín wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan ní òun ń wá fíìmù tí òun àti ìyàwó òun lè jọ wò. Ka-Èyí dìde, ó mú un lọ sí tábìlì kejì. "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Ọkùnrin náà wo Ka-Èyí lọ, ó wò ó bọ̀, bí ẹni ń wá ohun tí obìnrin náà fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ wá fíìmù.