Kí Aago Méje Tó Lù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ilé ìjọba ní Peckham, aago méje àárọ̀ ni ọba ilé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí apá ibẹ̀ lè rántí mítà olójú méjì: láti òru títí di aago méje, iná máa ń wá lówó pọ́ọ́kú, bí méje bá ti lù, ó di ọ̀wọ́n. Mítà tiwa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ti fẹ́ yí padà, á dún "kà!" Bí Mummy bá wà nílé, wọ́n á kígbe pé, "Ó ti yí o! Ẹ pa gbogbo ẹ̀!"

Nítorí náà, a kì í tíì kírun Àsùbáà tí ẹ̀wà á ti máa hó, tí òórùn àlùbọ́sà á ti gba ilé kan. Bí a bá ti iléèwé dé, ní tútù la ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì. Ẹni tó bá ráhùn, Mummy á ní, "Ṣebí kò ní bó ẹ lẹ́nu." Lọ́jọ́ tí mo yọ́ tan kẹ́tù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iwájú mítà ni wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sí, kí n máa wo àwo rẹ̀ bó ṣe ń yí. Mo wò ó títí òòyì fi kọ́ mi.

Ìlànà Mummy ni pé ẹ̀wà la kọ́kọ́ ń gbé kaná, lẹ́yìn náà ká fi kẹ́tù se omi tíì, lẹ́yìn náà ká lọ yúnífọ́ọ̀mù. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà," wọ́n á wí. Àmọ́ aago márùn-ún ni wọ́n ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ní àdúgbò Elephant, Daddy ò sì ní tíì dé láti ibi iṣẹ́ gáàdì. Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá ni olórí ilé títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, mo sùn gbàgbé. Nígbà tí mo jí, ó ti lé ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo sáré wọ pálọ̀, mo sì ki áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù àti hítà bọ ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo lẹ́yìn àga tí àbúrò mi, Sìdí, ọmọ ọdún mẹ́rin, sùn sí. Mo padà lọ ro ẹ̀wà. Òórùn kan dé. Mo rò pé ẹ̀wà ló ń jóná. Mo tún da omi sí i. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, èéfín dúdú ń ti pálọ̀ bọ̀, kọ́tìnnì ti ń jó.

Igbe mi ni Uncle Ràímì, aládùúgbò wa tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, gbọ́ tí wọ́n fi fi èjìká já ilẹ̀kùn. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fa wáyà áyọ́ọ̀nù.

"Fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀! Àbúrò ẹ dà?"

Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé Sìdí, wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì fi ọwọ́ kejì wọ́ èmi náà. Sìdí wúkọ́ wúkọ́, ó wá bú sẹ́kún. N kò tíì gbọ́ ẹkún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí Mummy sáré dé, mo dojúbolẹ̀, mo ń retí ìgbájú. Mo ní, "Mummy, méje ò tíì lù."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òtútù, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì sunkún.

Lónìí, èmi náà ti bímọ, Peckham náà la ṣì wà. Mítà kì í dún mọ́. Fóònù ló ń sọ iye tí iná jẹ́. Aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́ ló wọ́n jù, nígbà tí gbogbo ayé ń dáná. Mi ò purọ́, èmi náà ń ṣọ́ ọ: mo ti ń se ìrẹsì kí mẹ́rin tó lù. Àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi mi ni mo ń fi ẹ̀rọ fọṣọ, níṣojú mi.

Ọmọ mi obìnrin á ní, "Mummy, allow it now, ẹ má da ara yín láàmú! Ẹ set ẹ̀rọ yẹn sí two a.m., ó cheap gan-an."

Rárá ni mo máa ń wí. Títí di òní, bí òórùn ike tó ń jó bá kàn mí, màá sáré lọ yọ gbogbo wáyà tó wà lára ògiri. Ìyá wa jí wa kí iná tó wọ́n, torí agbára wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ń jẹ́ kí àwọn tèmi sùn. Ohun tó bá lé lórí owó iná, mo ń san án.