Ojú Tó Wà Lábẹ́ Akoto

Ní àdúgbò wa ní Nanning, bí o bá ń wá Nong Yueqin, má wulẹ̀ béèrè ibi tó jókòó sí. Ọ̀nà tó gbà lọ ni kí o béèrè. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló ti ń dáná, Haiping ọkọ rẹ̀ ń tún bọ́ọ̀sì ṣe, Lingyan ọmọ wọn kan ṣoṣo sì wà ní Guilin, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí ohun tó yẹ kó máa lé e kiri. Síbẹ̀ ara rẹ̀ kì í balẹ̀. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá so ó mọ́ àga, àga náà ni yóò dìde tẹ̀ lé e.

Alùpùpù oníbátìrì ló bá a lára mu. Gbogbo wa la ti gun oníbẹntiróòlù rí, a ti tò nílé epo, a ti fa èéfín ara wa símú láti ilé dé ibi iṣẹ́. Èyí kò mu epo, kò pariwo, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, bí o bá sì ti yí ọwọ́ rẹ̀ báyìí, ó ti lọ. Yueqin ní ọjọ́ tí òun gba tòun ni òun tó mọ̀ pé òun ní ẹsẹ̀.

Láràárọ̀ ló ń gun un kọjá odò Yong lọ sílé màmá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Zhiqiang, àbúrò Yueqin, ni màmá ń gbé, ṣùgbọ́n ẹja ni Zhiqiang ń tà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde. Ọpọlọ màmá ti ń jò díẹ̀díẹ̀, kì í sì í jẹ oúnjẹ àárọ̀ àfi èyí tí Yueqin bá gbé wá: núdù ìrẹsì olómi gbígbóná, tó ní ata, ẹ̀wà dúdú àti èhù ọparun kíkan. Yueqin á gbé e kalẹ̀, á ṣí ọmọrí, á fi igi ìjẹun sí màmá lọ́wọ́, á ní "Màmá, ẹ jẹun," ó ti dẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣí akoto funfun orí rẹ̀. Kì í bọ́ ẹ̀wù eérú tó fi ń bo oòrùn, èyí tó bò ó títí dé ọmọ ìka, kì í sì í yọ aṣọ tó fi bo imú àti ẹnu. Ẹ má dá a lẹ́bi jù, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo obìnrin ìlú wa ṣe ń múra gun alùpùpù, oòrùn ibí kì í ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù máa ń bọ́ ọ tí wọ́n bá délé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ti kọjá lójú fèrèsé tí núdù kò tíì dé, màmá á dìde, á jáde lọ wá a. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, etí odò ni wọ́n ti rí màmá, tí bàtà rẹ̀ ti tutù.

Wàyí o, àjà karùn-ún ni Yueqin ń gbé, ilé náà kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè, wọ́n sì ti fòfin de gbígbé bátìrì wọlé. Àtíbàbà tí a ti ń ṣáájì wà lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n èèyàn ní láti dúró títí ti ẹlòmíì yóò fi kún, ìdúró sì ni Yueqin kò mọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á ju wáyà gígùn láti ojú fèrèsé kíṣíìnì sísàlẹ̀, á kì í bọ alùpùpù, á wọlé lọ sùn. Kì í ṣe òun nìkan. Bí o bá gbójú sókè nígbà náà, wáyà ló kún ara ògiri ilé wa bí ìtàkùn.

Àǹtí Qin, olórí àwọn ará ilé, tó máa ń so aṣọ pupa mọ́ apá, kìlọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní òjò lè wọ inú wáyà, iná lè ràn, ta ni yóò wá gbé àwọn arúgbó sọ̀kalẹ̀ láti òkè. Yueqin á ní òun ti gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ọkọ rẹ̀ náà dá sí i.

"Ìyá Lingyan, gbé alùpùpù yìí lọ sábẹ́ àtíbàbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

"Kí n dúró síbẹ̀ kí n máa wo ojú ta ni? Bó o bá ráyè, ìwọ lọ dúró."

Nínú oṣù kẹfà, ilé kan jó lápá òkè ìlú, wáyà ojú fèrèsé ló sì fà á. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Àǹtí Qin àti àwọn ọlọ́dẹ mú ẹ̀mú, wọ́n sì gé gbogbo wáyà ilé wa. Yueqin ti sùn. Láàárọ̀ tó fa tirẹ̀ sókè, ó rí i pé ó fúyẹ́ jù. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó tan alùpùpù, ìlà bátìrì kan ṣoṣo ló kù lójú rẹ̀, tó ń ṣẹ́jú.

Haiping ti gbé tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Yueqin pe Zhiqiang lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìyẹn ti wà lọ́jà ẹja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dààmú. Wọ́n á dúró dè yín."

"Màmá mọ ìdúró ni? Ta lo rò pé mo fi jọ?"

Ó gbéra. Ó pa iná iwájú kó lè ṣọ́ bátìrì lò, ó rọra ń lọ lábẹ́ àwọn igi máńgòrò, ike núdù ń mì níbi ọwọ́ alùpùpù. Òun tó máa ń ya gbogbo ayé sílẹ̀, gbogbo ayé ló ń ya á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan yíjú wò ó bó ti ń kọjá, ó ní, "Àǹtí, ṣé ìsìnkú là ń lọ ni?" Ìlà yẹn ni Yueqin tẹjú mọ́. Bó ti gun orí afárá, ìlà náà kú, alùpùpù sì dúró.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Irin náà wúwo, òógùn bò ó, ó bọ́ akoto, ó bọ́ ẹ̀wù àti aṣọ ìbomú, ó fi wọ́n kọ́ ọwọ́ alùpùpù. Nísàlẹ̀, odò ti kún, ó pọ́n bíi tíì, Yueqin kò fẹ́ wò ó, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ti ń kọjá pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Ẹ̀rù bà á débi pé ó ń bá alùpùpù sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Ní ẹsẹ̀ afárá ni ìbòòrùn ńlá wà, tí àwọn alùpùpù ti máa ń dúró de iná ojú pópó. Iná yí sí àwọ̀ ewé, gbogbo wọn ṣí lọ fùú, ó ku ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Obìnrin tó wà lórí rẹ̀ dé akoto funfun, ó wọ ẹ̀wù eérú, ó bo imú àti ẹnu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni màmá Yueqin jókòó, pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀, tó fọwọ́ gbá ìbàdí rẹ̀ mọ́ra, tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn.

"Màmá!"

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó tún di obìnrin náà mú ṣinṣin.

"Ẹ má bínú, ìyàwó, a ò ráyè. Ọmọ mi ti pẹ́ kó tó dé."

Obìnrin àjèjì náà rọra ṣàlàyé pé ibi tí òun ti dúró de iná ni ìyá ti wá gun alùpùpù lẹ́yìn òun, tó ní kí àwọn máa lọ, tó ń pe òun ní Yueqin. Òun ò mọ ibi tí òun lè gbé wọn lọ, ọkàn òun ò sì gbà kí òun já wọn sílẹ̀, ni òun bá dúró, bóyá ẹnì kan á wá wọn wá.

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Èmi lọmọ wọn."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo akoto tó kọ́ sí ọwọ́ alùpùpù. "Ẹ dé e," ló wí.

Yueqin dé akoto. Ó wọ ẹ̀wù, ó bo imú àti ẹnu. Ojú màmá là. Ó wo èyí tó gbá mọ́ra, ó wo èyí tó dúró, ó sì yọ ọwọ́.

"O dé? Kí ló dé tó o pẹ́ tó báyìí?"

Inú ìbòjú náà ni Yueqin ti sunkún, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Abẹ́ ìbòòrùn yẹn ni òun àti màmá ti jẹ núdù tó ti tutù, wọ́n fi ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ létí títì. Ó pe ilé ẹ̀kọ́ pé òun á pẹ́. Ìrẹsì àwọn ọmọ pẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ayé kò sì bàjẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ó gbé alùpùpù rẹ̀ lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó sì dúró. Àǹtí Qin rí i, ó bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Àwa tó mọ̀ ọ́n náà ń wò ó tìyanu-tìyanu.

Láti ìgbà náà, bó bá dé ọ̀dọ̀ màmá, ẹnu ọ̀nà ló ti ń dúró. Á ṣí akoto lójú màmá. Á bọ́ ẹ̀wù. Á yọ aṣọ ìbomú gbẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn màmá á bi í pé ìyàwó ta ni, Yueqin á tún wọ gbogbo rẹ̀ padà, á sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kì í ṣe ohun tó rọrùn fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n á dúró.

Máńgòrò ti ń já bọ́ sójú títì láàárọ̀ ọjọ́ tí màmá na ọwọ́ sí i, tó fi ìka kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ojú níbi tó ti hun jọ.

"Yueqin, o ti rù o," ló wí. "Jókòó."

Ó jókòó.