Koríko Tó Ń Ba Verlon Stancil Lẹ́rù

Verlon Stancil wa bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé ní Georgia títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí àádọ́ta ọmọ ti jọ ń pariwo sí létí láràárọ̀, kí ló tún kù láyé tó máa bà á lẹ́rù? Koríko ni.

Koríko kékeré kan tí kò ga ju ìka lọ, tó máa ń yọ́ wọ àárín koríko rere tí èèyàn gbìn síwájú ilé. Á yọ nígbà tí òtútù bá ń wọlé, á so, orí rẹ̀ á funfun. Bí ooru bá dé, á kú, á fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní pípá bí orí ọmọ tó ní làpálàpá. Bó ṣe ṣe iwájú ilé Verlon lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Iwájú ilé yẹn gan-an sì ni ọmọbìnrin rẹ̀, Corinne, fẹ́ ti ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Karùn-ún tó ń bọ̀.

Oògùn wà, tí kì í jẹ́ kí irúgbìn rẹ̀ hù. Bí èèyàn bá tètè fọ́n ọn jù, agbára rẹ̀ á ti tán. Bó bá pẹ́ jù, irúgbìn á ti jí. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù ló yẹ. Nítorí náà, ní oṣù Kẹsàn-án, kí Verlon tó mu kọfí, á ti yọ́ jáde, á mú irin tó ń wọn ooru, tí ìyàwó rẹ̀, Idella, fi ń wò bóyá tòlótòló ti jinná, á fi gún ilẹ̀ wò bó ṣe gbóná tó.

“Verlon, ṣé ilẹ̀ wa ti jinná?” Idella á bi í láti ojú fèrèsé.

“Ó ṣì gbóná.”

“Mo máa fi ìyẹn wo tòlótòló o!”

“Mo máa ń nù ún.”

“Kí lo fi ń nù ún? Ṣòkòtò ẹ?”

Verlon fi irin náà pamọ́ sẹ́yìn. Ṣòkòtò ni lóòótọ́.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ tutù. Verlon ti kẹ̀kẹ́ tó ń fọ́n oògùn lọ, ó tì í bọ̀, ó bomi rin ín. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ débi pé ó sùn lọ́sàn-án.

Ó jí, ó bá Idella níwájú ilé pẹ̀lú réèkì tí wọ́n fi ń ha ilẹ̀ àti àpò irúgbìn tó ti ṣófo, tó ń rẹ́rìn-ín.

“Ọkọ mi, mo ti bá ẹ ha gbogbo ibi tó pá, mo sì ti gbin koríko tuntun sí i.”

 Oògùn náà kò mọ irúgbìn rere yàtọ̀ sí burúkú: níbi tó bá wà, èyí tí Idella gbìn ò ní hù. Níbi tí réèkì bá sì ti tú u ká, ilẹ̀kùn ti ṣí fún ọ̀tá nìyẹn. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ní, “O ṣé.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń wo ibi pípá kan náà láràárọ̀. Ọ̀kan ń gbàdúrà kí nǹkan hù, èkejì ń gbàdúrà kí nǹkan kan má hù.

Ti Idella ni Ọlọ́run gbọ́.

“Verlon! Ó ti hù!”

Verlon sáré jáde. Ó kúnlẹ̀, ó já ewé kan, ó wo ṣóńṣó rẹ̀: ó ká bí imú ọkọ̀ ojú omi, àmì koríko burúkú yẹn.

“Idella, òun nìyí.”  Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ réèkì.

“O mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, o wá ń kí mi pé o ṣé?”

“Ẹ̀rù tìẹ ló bà mí ju ti koríko lọ.”

Idella kúnlẹ̀ tì í. Wọ́n ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

“Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, tó lọ so ńkọ́?” Idella béèrè.

Kí Verlon tó dáhùn, Hoyt Purvis, aládùúgbò wọn tí kò fọ́n oògùn rí láyé ẹ̀, yọjú lórí ọgbà. Koríko yẹn kún iwájú ilé tirẹ̀ bámúbámú, bàtà rẹ̀ sì kún fún ẹrẹ̀ àti irúgbìn rẹ̀.

“Kí lẹ sọ nù? Ẹ jẹ́ n bá yín wá a!” Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ọgbà.

“Hoyt, dúró síbẹ̀!” Verlon figbe ta. “Bàtà ẹ! Má gbé bàtà ẹ wọ ibí!”

Ẹsẹ̀ Hoyt kan ti balẹ̀.