Tọ́ọ̀pù Sílíńdà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Bà Jẹ́

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹni tó bá ń kà á má rò pé ó ti tán nínú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí Màmá wa, ló ba ọkọ̀ mi jẹ́. Tó bá wà níwájú mi, mò ń kúnlẹ̀ kí i, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Níhìn-ín, tí kò sí ẹni tó ń wò mí, n kò rí ọ̀wọ̀ kankan fún un.

Ọkọ̀ náà ti dàgbà lóòótọ́. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, òun ni mo sì fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìlárò. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, fèrèsé kan kì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní wàhálà. Àràárọ̀ ni mò ń wo omi àti ọ́ìlì rẹ̀ kí n tó ṣíná.

Ojú Màmá ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí tó báyìí. Funfun kan ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Àwọn dókítà ojú kan máa ń wá sí Ayétòrò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn arúgbó lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì lọ. Orúkọ Màmá wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Màmá fi ń sọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò: ojú àbíkẹ́yìn mi, tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa láti mọ bó ṣe rí.

Nígbà tó ku ọ̀la ká lọ, ẹ̀gbọ́n mi wá yá ọkọ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ kí àwọn àna òun tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ni mò ń gbé Màmá lọ o."

Ó ní, "Ṣé mo ní mi ò ní dá a padà ni?"

Mo mú kọ́kọ́rọ́ fún un. Kí ni ǹ bá ṣe? Ó dá ọkọ̀ padà nírọ̀lẹ́, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó ní kò sí wàhálà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wo omi, ó kún. A gbéra. A ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí èéfín funfun ń tú lẹ́yìn, tí abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn sì gun òkè pátápátá. Mo pa á. Igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì. Àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá ti kún, ọ̀kadà nìkan ló ń dúró, bẹ́ẹ̀ orúnkún Màmá kò gba ọ̀kadà. Wọ́n jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ náà, wọ́n ń bi mí ṣé ọkọ̀ kan ti ń bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kan tó láyè fi máa gbé wa dé Ayétòrò, àwọn dókítà ti parí, wọ́n ń di ẹrù wọn. Nọ́ọ̀sì kan ní ká padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò dúpẹ́.

Mẹkáníìkì mi wọ́ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tú tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn irin ńlá tó bo orí ẹ́ńjìnnì, ó gbé e síwájú mi. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé, ti jóná. Ọ́ìlì ti rí bí ẹ̀kọ mímu. Irin náà fúnra rẹ̀ ti sán.

Ó ní, "Àǹtí, eléyìí kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà Ayétòrò. Ó ti gbóná ṣáájú, ẹni tó wà á ò dúró. Ìgbà tí omi rẹ̀ gbẹ tán ló wá da omi tútù sí i." Ó ní kò ṣeé jó pọ̀, àfi ká wá òmíràn.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé. "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yẹn gbóná lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì sọ fún mi." Ó ní ká ní ẹran ni ọkọ̀ mi, wọn ì bá ti pa á jẹ tipẹ́. Mo pariwo mọ́ ọn débi pé àwọn ará ilé jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹjọ́ ti dé ọ̀dọ̀ Màmá.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni," Màmá wí. "Ọkọ̀ lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Ó jẹ́ kí n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó ní òun ti gbọ́. Èmi tí wọ́n ṣẹ̀, èmi náà ni mo ń bẹ̀bẹ̀.

Mẹkáníìkì rí tọ́ọ̀pù sílíńdà tòkunbọ̀ kan ní Ìdí-Ìrókò, mo sì rà á. Mo dúró tì í nígbà tó ń dè é, torí mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ha ojú ẹ́ńjìnnì títí ó fi ń dán, ó tẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó gbé irin lé e, ó wá ń di bóòtì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárín bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó ṣíná, ẹ́ńjìnnì náà dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ kò dùn.

Ajílété la kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà lọ, sọ́dọ̀ àbúrò Màmá. Kí n tó jáde nílé, ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó síwájú. Ó ní kí n rọra máa tẹ̀ ẹ́ o, pé àwa obìnrin kì í ro ti ẹ́ńjìnnì. Lórí àga ẹ̀yìn, Màmá ń fọwọ́ wá bẹ́líìtì, wọ́n ki ọwọ́ bọ àárín àga. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ jáde, wọ́n ń fi ìka yí nǹkan.

"Ìrẹsì rèé, èyí tí wọn ò tíì sè," wọ́n ní. "Ó pọ̀ níbí. Ta ló fi ọkọ̀ yìí kó ìrẹsì?"

Lágbègbè wa, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ìrẹsì ń wá lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi kọjá Òkè-Ọ̀dàn lọ sí ẹnubodè, ó lọ kó ìrẹsì fàyàwọ́. Ó rí i pé ọkọ̀ ń gbóná, àmọ́ ẹni tó kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í dúró létí títì kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí aṣọ́bodè má baà wá bi í léèrè. Ó kúkú jó ẹ́ńjìnnì mi.

Màmá ní, "Àkọ́bí mi, ṣé ọjọ́ tó ku ọ̀la ká lọ sí Ayétòrò ni?"

Ó ń wo ìta. "Màmá, àpò díẹ̀ ni."

"Bọ́ sílẹ̀. Wá jókòó síbi ìrẹsì ẹ."

Ó bọ́ sílẹ̀. Mo di Màmá lọ́wọ́ mú wá síwájú, mo de bẹ́líìtì fún wọn. Kò bẹ̀ mí. Títí di òní kò tíì bẹ̀ mí, Màmá náà kò sì ní kó bẹ̀ mí, torí ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ọkọ̀ ń lọ dáadáa. Màmá kọjú sí ọ̀nà, wọ́n ń bi mí kí ló wà níbẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, oko ẹ̀gẹ́, ilé tí wọn ò tíì kàn lórùlé, ewúrẹ́ tó ń sọdá. Mò ń sọ ọ́ sókè, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.