Wọ́n Gbé Ọmọ Mi Lọ ní Gáréèjì Iléṣà!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá Rídíwáànù o. Yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ti fi mí ṣe lónìí ti tó.

Ọkọ̀ wa bàjẹ́ ní Iwaraja lánàá. Nígbà tá a fi máa dé Iléṣà, kò sí ọkọ̀ Òṣogbo mọ́. Bí èmi àti ọmọ ṣe sun gáréèjì nìyẹn.

Èmi sùn kẹ̀? Mo ní mi ò ní sùn. Mo gbé Rídíwáànù lé itan, mo ń fojú gbọ́mọgbọ́mọ wo gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ìyá oníbúrẹ́dì tó jókòó tì mí ní, "Pọ̀n ọ́n, ìyá ìkókó, kó o lè rí oorun díẹ̀ sùn." Mo pọ̀n ọ́n, mo gbórí lé báàgì mi.

Láàárọ̀, igbe "Òṣogbo! Òṣogbo!" ló jí mi. Mo fọwọ́ kan itan mi, kò sí ọmọ!

"Mo gbé o! Wọ́n ti gbé ọmọ mi lọ!"

Kíá, wọ́n ti ti géètì. Wọ́n ń tú bùùtù ọkọ̀ kiri. Mo ti ń yí mọ́lẹ̀ nígbà tí ìyá oníbúrẹ́dì bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá ìkókó, ta wá ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ yẹn?"

Rídíwáànù ni o.

Dẹ́rẹ́bà wa ò dákẹ́ títí a fi dé Òṣogbo. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀ ló tún ní, "Màámi, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn yín wò ná!"

Mo sì fọwọ́ kàn án lóòótọ́.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ sọ tiyín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan.