Ẹ́ńjìnì Tó Ń Kanlẹ̀kùn

Ẹ sún mọ́bí, ẹ wá ibi fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹni tó bá gbé ìkòkò sórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kó tó jókòó, torí èmi kì í fi ìtàn sáré.

Nígbà tí bàbá wa kú, àwa ọmọ mẹ́ta la pín ogún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba ilé tó wà ní Ṣógúnlé. Àbúrò mi ọkùnrin gba ilẹ̀ tó wà ní Okota. Èmi tí wọ́n ní mo fẹ́ràn bàbá jù, wọ́n fi ọkọ̀ rẹ̀ san ìfẹ́ náà fún mi. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, onísílíńdà mẹ́jọ, ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, ó sì ti kú sí àgbàlá ilé Ṣógúnlé yẹn kí ẹni tó ni ín tó kú. Adìyẹ ti ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Àwọn ẹbí kí mi kú oríire. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, adìyẹ náà dúpẹ́.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mo tó kọjú sí i. Mo ní kí wọ́n gbo ìpẹtà ara rẹ̀, kí wọ́n kun ún, kí wọ́n rán ìjókòó rẹ̀ lọ́tun. Ó dán débi pé àwọn ará àdúgbò ń wo irun wọn lára rẹ̀. Ó ku ẹ́ńjìnì. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ síta lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan.

"Mo fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí àgbàlá yìí. Bí ọkọ̀ yẹn ò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde títí di Sátidé, mà á pe àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í halẹ̀. Ìkéde ló máa ń ṣe.

Mo pe mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Ó fọ kábúrétọ̀, ó gbé bátìrì tuntun sí i, ó bu epo sí i, ó sì sítáàtì rẹ̀. Ọkọ̀ hùn, ló bá bẹ̀rẹ̀: kọ́-kọ́-kọ́-kọ́. Kíá ni ọkùnrin náà pa á, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá, ẹ́ńjìnì yìí ti nọ́ọ̀kì."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í bá mẹkáníìkì da nǹkan pọ̀, ẹ jẹ́ n túmọ̀ rẹ̀: bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wá pósí.

Mo ní, "Ó ń kanlẹ̀kùn? Ṣé o bi í léèrè ẹni tó ń wá?"

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú ẹ̀ ti jẹ tán."

"O rí inú ẹ̀ ni?"

"Etí mi ò purọ́ fún mi rí."

Etí yìí kan náà ni mo máa ń pè lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kì í gbọ́.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé ká yọ ẹ́ńjìnì yẹn dànù, ká gbé tókunbọ̀ Japan sí i, onísílíńdà mẹ́rin, tí kì í mu epo. Mo pe àbúrò mi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àjàó Estate.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ti Japan sí i jàre. Ta ló fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò?"

Ọlọ́gbọ́n ọmọ. Ká gbé ọkàn ewúrẹ́ sínú erin, kí erin máa ké mẹ́ẹ̀ káàkiri Ìsọlọ̀. Ọ̀dà ara ọkọ̀, ẹnikẹ́ni lè rà á nínú agolo. Ohùn ẹ́ńjìnì yẹn ló kù tí mo lè gbọ́ kí n sọ pé bàbá mi ti dé.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di Fúráìdè, mo gbà. Ojú tì mí, mo gbà náà. Mẹkáníìkì gbé ṣéènì tí wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnì jáde dé. Mo ní kó sítáàtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n gbọ́ ọ ká tó pínyà. Ó sítáàtì rẹ̀. Kọ́-kọ́-kọ́. Bó ṣe nawọ́ láti pa á, ẹ̀gbọ́n mi já jáde láti ilé ìdáná.

"Má pa á! Ta ló ní kó o pa á?"

"Mọ́mì, ó ń nọ́ọ̀kì."

"Kí ló ń nọ́ọ̀kì? Èmi ni mò ń ṣí géètì fún ọkọ̀ yìí láràárọ̀ nígbà tí bàbá wa ń wà á. Báyìí náà ló ṣe máa ń kan bí ẹni ń gúnyán. Bára ẹ̀ bá ti gbóná, á dákẹ́. Kì í dé Òṣòdì tó fi máa ń dákẹ́."

"Mọ́mì, ó máa fọ́ o!"

"Ṣebí o ní ó ti kú? Òkú a tún máa kú ni?"

Ó fa àga, ó jókòó. Mẹkáníìkì ń wò ó bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. A dúró tó ìgbà téèyàn fi lè bó ọsàn méjì kó sì mu wọ́n. Ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká: kọ́-kọ́… kọ́… ló bá dákẹ́. Ohùn bàbá wa nìkan ló kù, ó ń dún nílẹ̀ nílẹ̀. Mi ò sunkún. Èéfín ló wọ̀ mí lójú.

Mẹkáníìkì pa á, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí sàlẹ́ǹsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnì. Ẹ̀fín dúdú ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Atẹ́gùn ló ń yọ níbẹ̀ tó ń kọ́-kọ́. Bí irin bá ti gbóná, á wú, á dí i.

Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́wọ́: "Gásíkẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó dí ibẹ̀ ló ti jẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé ìyẹn náà, Japan la ti máa lọ rà á?"

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá.

"O bi mí? Mẹkáníìkì lò ń bi. Gbogbo yín rò pé géètì nìkan ni mò ń ṣí."

Mo fún mẹkáníìkì lówó gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ní Sátidé, ọkọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà, torí ẹ̀gbọ́n mi kò kọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó fi páànù bo orí ibẹ̀ fún un. Ọkọ̀ tó kú, tèmi ni, gbàrà tó jí, ó di "ọkọ̀ bàbá wa." Ẹ̀gbọ́n mi ló jogún ìjókòó ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló ń jókòó sí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi jogún fọ́tò, ó sì ń sọ fáwọn ará ọ́fíìsì pé òun lòun kọ̀ fún wa ká má gbé ti Japan sí i. Mẹkáníìkì ti kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù rẹ̀ pé ògbógi ọkọ̀ Amẹ́ríkà lòun. Èmi, àrólé tó fẹ́ràn bàbá jù, mo jogún iṣẹ́ dírẹ́bà.